Ọjà tí Ọ̀nà Bí: Ìrìnàjò sí Àwọn Ọjà Oúnjẹ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Òṣòdì wà lára àwọn oríta tí èrò ń wọ́ gbà jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí pé níbẹ̀ ni títì Agége, títì márosẹ̀ tí ó ti Àpápá wá, àti ojú irin tí ó lọ sí Ìbàdàn ti pàdé ara wọn. Òun àti Ìsọlọ̀, ìlú Àwórì tí ó múlé tì í, ni a pa pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sì ka ènìyàn 621,509 níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye ọjà oúnjẹ àdúgbò yìí níláti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ oríta yìí sọ́kàn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà, tí wọ́n sì ń ná an ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún tàbí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, tí wọ́n ń ka ọjọ́ tí a ná an gan-an mọ́ ọn. Ọjà Òṣòdì kò kọjú sí ààfin kankan, kò sì ní ọjọ́ ìná, torí pé ẹsẹ̀ èrò tí ń wọkọ̀, tí ń sọ̀kalẹ̀, ni ó dá a sílẹ̀, èrò kì í sì í dá lọ́nà ní ọjọ́ kankan.

Orúkọ Òṣòdì ni a so mọ́ Oṣòdì Tápà, ìjòyè tí ó wá láti ilẹ̀ Tápà, èyí tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fúnra wọn ń pè ní Nupe, tí ó di jagunjagun pàtàkì fún Ọba Kòsọ́kọ́, tí ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní 1851, tí wọ́n padà sí Èkó ní 1862, tí Tápà sì dolóògbé ní 1868. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí rélùwéè dé. Ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tí ó sì di 1912 ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń dúró ni ẹni tí ó ru ẹ̀kọ àti ẹja díndín máa ń dúró sí, ibi tí ebi bá sì ti lè kásẹ̀ nílẹ̀ ni èrò mìíràn máa ń yà sí, títí tí àtẹ kékeré kan yóò fi di ìsọ̀, tí ìsọ̀ yóò sì di ọjà. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé, tí ìjọba la títì márosẹ̀ láti Òṣòdì dé Àpápá, tí wọ́n sì gbé afárá lé orí oríta náà, abẹ́ afárá di òrùlé ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò rí owó gba ìsọ̀.

Ariwo ni arìnrìn-àjò tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì yóò kọ́kọ́ bá pàdé, àmọ́ bí etí rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lára, yóò rí i pé ariwo náà ní ètò. Ohùn àwọn agbèrò, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pe èrò sínú ọkọ̀, yàtọ̀ pátápátá sí ohùn òǹtajà, bẹ́ẹ̀ ni igbe "Ẹ̀yìn yín o!" tí àwọn alábàárù ń ké kò ní ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ ìpolówó. Alábàárù ni ẹni tí ń fi orí, bárò tàbí ọmọlanke ru ẹrù ọlọ́jà fún owó, òun ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà jù nínú ọjà, nítorí pé ẹni tí ó ru àpò gàrí kan kò lè dúró kí ẹni tí ó ń ná ata parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá yà kúrò lójú títì sí àárín àwọn ìsọ̀, òórùn ni ó ń ṣe atọ́nà: irú ń sọ ibi tí àwọn elélùbọ́ àti ẹlẹ́gùúsí wà, omi yìnyín tí ń ṣàn nílẹ̀ ń sọ ibi tí àwọn ẹlẹ́ja yìnyín wà, èéfín sì ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ń yan bọ̀ọ̀lì, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísun tí a fi ẹ̀pà tàbí ata díndín jẹ.

Ìwọ̀n ni ó ń kọ́ àlejò lẹ́kọ̀ọ́ jù. Oúnjẹ gbígbẹ bí ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí kì í sábà bá ìwọ̀n kílò lọ ní ọjà yìí. Kóńgò ni a fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí í ṣe agolo tàbí ike olójú gbòòrò, tàbí dẹ̀rìká, agolo kékeré tí ó ti ara tòmátì inú agolo gba orúkọ rẹ̀. Bí òǹtajà ṣe ń bu ọjà sínú kóńgò jẹ́ ọnà kan fún ara rẹ̀, torí pé ọwọ́ òsì ni ó fi ń ṣe odi yí ẹnu kóńgò ká, tí ọwọ́ ọ̀tún sì ń da ẹ̀wà lé e títí tí yóò fi yọ orí ṣóńṣó. Òǹrajà tí ó mọ ọjà kì í wo orí nìkan. Yóò gbé kóńgò náà sókè, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé, "Ìyá, ẹ fún mi ní ẹ̀ènì," ìyá yóò sì dáhùn pé, "Ọmọ mi, èyí tí mo bù yẹn gan-an ti ní ẹ̀ènì nínú," síbẹ̀ yóò fi ẹ̀kúnwọ́ kan kún un. Ẹ̀ènì ni ìfikún tí a kì í gba owó lé lórí. Òun ni ó ń jẹ́ kí òǹrajà padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ń kọ̀wé nípa ọrọ̀ ajé Èkó fún un ní ipò tí ó tọ́ sí i, nítorí pé lórí irú àjọṣe báyìí ni ìyá tí ọjà rẹ̀ kò tà lónìí fi ń rí ẹni tí yóò ta á láwìn fún títí di ọ̀la.

Gbogbo ohun tí ó wà lórí àtẹ wọ̀nyí ni ó ti rìn kí ó tó débẹ̀. Àlùbọ́sà ti Ṣókótó wá, iṣu ti ilẹ̀ Tiv ní Bẹ́núè wá, èlùbọ́ ti Ṣakí àti agbègbè Òkè-Ògùn wá, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú tòmátì ti Kánò àti Káduná wá, ìrìn tí ó tó kìlómítà 1,000 nínú apẹ̀rẹ̀ tí a tò léra wọn. Ìrìn yìí ni ó ń ba tòmátì jẹ́, torí pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ru gbogbo èyí tí ó wà lókè. Nítorí náà ni àwọn òǹtajà Òṣòdì fi máa ń tú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdájí, tí wọ́n á ṣa èyí tí ó le sọ́tọ̀ fún ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì kó èyí tí ó ti rọ̀ fún àwọn olóúnjẹ tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ alọta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n tòmátì àti ata ti rin ìrìn mìíràn tí ó jìn ju ti Kánò lọ. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti sọ tòmátì di ohun ọ̀gbìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara òkè Andes ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń hù fúnra wọn. Mẹ́síkò kan náà ni tàtàṣé àti ṣọ̀ḿbọ̀ ti wá, nígbà tí ata rodo wá láti ilẹ̀ igbó Amazon. Kí Columbus tó la òkun kọjá ní 1492, kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Hernán Cortés, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Spéìn tí ó ṣẹ́gun Mẹ́síkò, kọ ìwé sí ọba rẹ̀ ní 1520 nípa ọjà Tlatelolco, ó ní ó ju 60,000 ènìyàn tí ń rà, tí ń tà, níbẹ̀ lójoojúmọ́, àti pé irú ọjà kọ̀ọ̀kan ni ó ní òpópónà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ka àpèjúwe yẹn, tí ó sì ti rin Òṣòdì rí, yóò mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí pé ata, tòmátì àti àgbàdo tí wọ́n tò sílẹ̀ ní Tlatelolco ni àwọn ìyá tò sílẹ̀ lónìí ní abẹ́ afárá. Àwọn Pọtogí àti àwọn oníṣòwò òkun mìíràn ni ó gbé wọn dé etíkun Áfíríkà. Yorùbá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ni a kì í sè lónìí láìsí ata rodo, ìkòkò náà sì di ibi tí ata láti Amazon àti tòmátì láti Mẹ́síkò ti ń bá epo pupa àti irú, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gangan, gbé pọ̀ láìjà.

Ọ̀tá tòmátì náà tọ ọ̀nà yẹn wá. Kòkòrò afòpiná kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta, tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, wọ Spéìn ní 2006, ó gba Àríwá Áfíríkà sọ̀kalẹ̀, ó sì run oko tòmátì ní Àríwá Nàìjíríà débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Káduná kéde ọ̀rọ̀ náà ní pàjáwìrì ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, tí àwọn ará ìlú sì sọ kòkòrò náà ní Ebola tòmátì. Ní àsìkò yẹn, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan di ohun tí òǹtajà mẹ́ta ń dáwó jọ rà. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní òpin oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Àríwá dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí ó má wọ Gúúsù, tí iye owó àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran sì fò sókè. Ọjà tí ọ̀nà bí, ọ̀nà náà ni ó lè fi ebi pa á.

Àgbàdo ni ó gba àlàyé jù nínú gbogbo àwọn àlejò òkun wọ̀nyí. Àfonífojì odò Balsas ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ní ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń sè é: wọ́n ń bọ ọ́ nínú omi tí a po mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun sísun, kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tortilla. Omi ẹfun yìí ń tú èròjà aṣaralóore kan sílẹ̀ nínú àgbàdo tí inú ènìyàn kì bá tí lè fà yọ. Àwọn tí ó gba àgbàdo láìgba ọgbọ́n náà, bí àwọn tálákà àríwá Ítálì àti ti gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lẹ́yìn wọn, jìyà àrùn pellagra, tí ń bó awọ ara, tí ń da inú rú, tí ó sì ń kó bá ọpọlọ. Yorùbá náà kò gba ọgbọ́n omi ẹfun, wọ́n ṣe tiwọn. Àwọn obìnrin ń rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó sílẹ̀ kí ó kan díẹ̀, kí ó tó di ògì, èyí tí a fi omi gbígbóná pò di ẹ̀kọ mímu tàbí tí a sè kí ó dì, tí a sì pọ́n sínú ewé eéran. Omi tí ó lé téńté sórí ògì, tí a ń pè ní omidun, ni wọ́n fi ń rẹ egbò àgbo. I. A. Akinrele, tí ó ṣe ìwádìí ìjinlẹ̀ lórí ògì, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1970, ó sì fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan, Lactobacillus plantarum, ni ó ń ṣe gudugudu méje nínú kíkan náà, omi kíkan tí ó ń pèsè ni kì í jẹ́ kí kòkòrò búburú ráyè.

Ní ìdájí ní Òṣòdì, kí oòrùn tó yọ, ẹni tí ń jẹ ẹ̀kọ kì í jẹ ẹ́ lásán. Àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín ni ó fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀wà ni a fi ṣe méjèèjì, ẹ̀wà sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ó ń fún ara ní ohun tí àgbàdo nìkan kò lè fún un. Agbèrò tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ó ń bá ìyá alákàrà ṣàwàdà kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún, ń jẹ oúnjẹ tí àgbàdo àti ẹ̀wà inú rẹ̀ ń ran ara wọn lọ́wọ́, àwọn ìyá tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ kankan ni ó sì so àwọn méjèèjì pọ̀ ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí mọ́. Irú ọgbọ́n báyìí tọ́ kí a kọ́ ọmọ ní ilé ìwé.

Ẹ̀gẹ́ náà ti òkè òkun wá, láti Bràsíìlì, ó sì gba ìtọ́jú ju àgbàdo lọ nítorí májèlé tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé, àti àwọn Sàró tí ó ti Freetown wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tí ó tan ìmọ̀ gàrí ṣíṣe ká. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń gbé òkúta lé e tàbí kí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro tán, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì yan án lórí iná. Gàrí Ìjẹ̀bú, tí wọ́n jẹ́ kí ó pẹ́ nínú àpò kí ó lè kan dáadáa, ni ó wọ́n jù ní ọjà Òṣòdì, ó sì ní àwọn tí yóò kọjá ìsọ̀ mẹ́wàá kí wọ́n tó rí èyí tí ó wù wọ́n, tí wọ́n á ju wóró díẹ̀ sẹ́nu, tí wọ́n á sì dákẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó kan tó.

Nítòsí ọjà yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1956 láti máa wá bí a ó ṣe sọ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ni ó ṣe ètò ẹ̀rọ tí ń ṣe gàrí láti orí rírin dé orí yíyan, àwọn ni ó po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì kí ara ọmọdé lè jí pépé, wọ́n sì wá ọ̀nà tí a fi lè rọ ẹmu sínú ìgò tí kò ní kan. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ nínú ogunlọ́gọ̀ tí ń gba iwájú ilé náà kọjá ni ó mọ ohun tí ń lọ nínú rẹ̀. Ó dunni pé Nàìjíríà, tí ó ń pèsè ẹ̀gẹ́ ju gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé lọ, ṣì ń fi èjìká obìnrin yan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gàrí rẹ̀ nínú èéfín.

Ìjọba ti gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti lé ọjà kúrò lójú ọ̀nà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, wọ́n wó àwọn ìsọ̀ tí ó ti bo títì mọ́lẹ̀ ní Òṣòdì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, lábẹ́ Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé, wọ́n wó ọjà Owónifárí, wọ́n sì ní kí àwọn òǹtajà kọjá sí ọjà Ìsọ̀pákódòwò ní Bọ́ládé. Ibùdókọ̀ alájà púpọ̀ tí ó ní ilé mẹ́ta ni wọ́n kọ́ sí oríta náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Ẹni tí ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì láyé mòlúè, tí àwọn jàgùdà ń já pọ́ọ̀sì gbà lójú fèrèsé ọkọ̀, kò ní sọ pé ìjọba kò rí ohun kan ṣe, nítorí pé títì là lóòótọ́. Ohun tí kò yé àwọn aṣètò tó ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjà aṣọ àti ọjà oúnjẹ. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó yóò wá a dé ibikíbi tí wọ́n bá kó o lọ, ṣùgbọ́n kò sí òǹrajà tí yóò gun àtẹ̀gùn méjì nítorí ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan, ẹ̀fọ́ náà kò sì ní dúró dè é di ọ̀la. Ìdí nìyí tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi ń padà sí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́yìn gbogbo ìlélọ, tí ó ń fi etí kan tẹ́tí sí oníbàárà, tí ó ń fi èkejì ṣọ́ ọkọ̀ àwọn agbófinró.

Ìlú Mẹ́síkò fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí Èkó wò. Ọjà La Merced, tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ ní 1957, wà lára àwọn ọjà oúnjẹ tí ó tóbi jù ní ìlú náà, nígbà tí wọ́n sì ṣí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní 1969, wọ́n ṣe ibùdó kan tí ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yọ sínú ọjà náà gan-an, tí èrò fi ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sí àárín ata gbígbẹ àti ewébẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní ibùdó ní Òṣòdì. Àyè ṣì wà láti ṣe àtẹ oúnjẹ tí ó mọ́ tónítóní, tí ó ní omi àti òrùlé, sí ibi tí ẹsẹ̀ èrò ń gbà gan-an, dípò kí a máa kọ́ ọjà sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbà.

Láti Òṣòdì, ìrìn kékeré ni ó kù dé Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ìwà ọjà yí padà. Ìsọlọ̀ ní ọba tirẹ̀, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀sọlọ̀, àwọn onílé àti ayálégbé tí ó mọ ara wọn ni ó sì ń ná ọjà rẹ̀, tí àwọn òǹtajà fi ń béèrè àlàáfíà ọmọ kí wọ́n tó dá iye ẹja. Lójú ọ̀nà tí ó so Ìsọlọ̀ mọ́ Múṣìn ni ọjà Dàlékò wà, ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì lápò lápò, tí ìrẹsì òkèèrè àti ìrẹsì Ọ̀fadà láti Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ń kọjú síra wọn, ìrẹsì abẹ́lé sì gba ojú ọjà púpọ̀ sí i nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Àwọn ìyá tí ń patẹ ata sí ẹnu ilé ní Ìsọlọ̀ kì í ra ọjà wọn lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ń jí lọ sí Òṣòdì tàbí ọjà Máìlì 12, wọ́n á dáwó ra apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n á pín in, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì tún ìpín tirẹ̀ pín sí òkìtì kéékèèké tí owó rẹ̀ kò ju ohun tí aládùúgbò lè rí san lọ. Bí ọkọ̀ tòmátì bá bàjẹ́ lọ́nà Jẹ́bà, wọn kì í sábà fi owó lé òkìtì náà, torí pé wọ́n mọ ẹni tí yóò rà á àti iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ata márùn-ún tí ó wà nínú òkìtì kan lánàá ni yóò di mẹ́ta lónìí, tí yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé.